Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àgbẹ̀ ní ìlú wa: bí wọ́n bá gbìn ín, ta ni yóò kó o?

Tíṣà Òkè-Ògùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò.

Òkè-Ògùn ni mo ti ń kọ̀wé, ìlú wa kò jìnnà sí Ìgbòho. Àwọn àgbà ìlú ti yọ̀ǹda ilẹ̀ bí éékà kan fún àwọn ọ̀dọ́, lẹ́yìn ilé ìwòsàn kékeré tí ìlú kọ́. Wọ́n ní kí n máa bójú tó o nítorí pé iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama. A fẹ́ dá ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, fún àwọn tó ṣì wà ní ilé-ìwé àti àwọn tó ti jáde tí wọn kò tíì rí iṣẹ́. Wọn yóò gbin ẹ̀fọ́, ata, ilá àti àgbàdo. Wọn yóò sì tún iwájú ilé ìwòsàn náà ṣe, torí bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, ẹrẹ̀ ni aláboyún ń là kọjá kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Ibi tó ti lọ́jú ni owó. Nígbà tí mo pe àwọn ọmọ jọ, ọmọbìnrin kan nawọ́, ó ní, “Tíṣà, bí a bá gbìn ín, ta ni yóò kó o?” Gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n ń wò mí. Mo mú ìbéèrè náà tọ àwọn àgbà lọ. Èsì wọn ni pé kí a máa tà á, kí owó rẹ̀ wọ àpò ìdàgbàsókè ìlú, kí a máa fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣiṣẹ́.

Èmi kò fara mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ tí ọmọ kò bá ti rí ohun tí yóò pè ní tirẹ̀ kò ní rí ọdún kejì. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ló ni ilẹ̀, n kò sì fẹ́ bá wọn fa ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí irú ẹgbẹ́ báyìí, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Kí ni kí a kọ́kọ́ gbìn?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìbàdàn:

Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Olúwa yóò tọ́jú tiyín náà.

Ẹ̀fọ́ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ tó bá gbin ẹ̀gẹ́ lónìí, ọdún tó ń bọ̀ ló máa wú u. Ta ni yóò dúró? Tẹ̀tẹ̀ ń tó já láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ewédú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ilá, bí oṣù méjì. Bí ẹ bá já tẹ̀tẹ̀ lórí tí ẹ kò fà á tu, yóò tún yọ ẹ̀ka, ẹ ó tún já a. Ọmọ tó bá ti gba owó ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ oníbàárà, kò tún sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún un mọ́ kó tó padà wá.

Ẹ kọ́ wọn ní ti irúgbìn dáadáa, torí ibẹ̀ ni ọkàn ọmọdé ti máa ń rẹ̀wẹ̀sì. Èso ewédú, èèpo rẹ̀ le, omi kì í tètè wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá kàn fọ́n ọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, díẹ̀ ni yóò hù, ẹ ó máa bú ẹni tó tà á fún yín. Ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ gbé omi kaná kó hó, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ ri aṣọ náà bọ inú rẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá péré, kí ẹ yọ ọ́ kíákíá, kí ẹ sọ ọ́ sínú omi tútù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ́ èso náà sí ibòòji kó gbẹ, kí ẹ tó fọ́n ọn. Àgbà ni kó ṣe ti omi gbígbóná yẹn o, kì í ṣe ọmọ ọdún méjìlá.

Èso tẹ̀tẹ̀ ní tirẹ̀ kéré gan-an. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ẹ tó fọ́n ọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò ṣùjọ síbì kan, ibòmíràn yóò wà lófìfo.

Ní ti ẹni tí yóò kó o: ẹ pín bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ebè pẹrẹsẹ tí a ń gbin ẹ̀fọ́ sí, fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí orúkọ oníkálukú wà lára pákó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ọmọ Sẹ́túmẹ́ǹtì:

Tíṣà, ọ̀rọ̀ yín kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, torí ibùdó àgbẹ̀, tí a ń pè ní sẹ́túmẹ́ǹtì, ni wọ́n bí mi sí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kà á, ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀ pé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ rí, ní ìwọ̀n tó tóbi ju éékà kan lọ. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà ayé Awólọ́wọ̀ ló dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1959 sí 1960, nígbà tí Akin Deko ń bójú tó ètò ọ̀gbìn. Wọ́n wo àpẹẹrẹ moshav, abúlé àgbẹ̀ alájọṣe ti ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é kò yàtọ̀ sí ohun tí Tíṣà ń sọ: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1955, àwọn ọmọ ń jáde ilé-ìwé rẹpẹtẹ, iṣẹ́ ọ́fíìsì kò tó wọn, wọn kò sì fẹ́ padà sí oko bàbá wọn. Ìjọba kó wọn lọ kọ́ṣẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n fún wọn ní ilé àti ilẹ̀. Ìlọrà ní ọ̀kan, Akùfọ̀ ní ọ̀kan, Èrúwà, Ìkẹ́nnẹ́, Odẹ̀dá, Ẹ̀sà-Òkè, wọ́n pọ̀.

Kí ló dé tí ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ náà fi pa á tì? Owó tí wọ́n ń ná lórí ẹnì kan pọ̀ jù, ìyẹn ọ̀kan. Èyí tó dùn mí jù ni pé igi bíi kòkó àti ọ̀pẹ ni wọ́n gbé lé lọ́pọ̀ ibi, igi kò sì lè so lọ́dún tí a gbìn ín. Kí igi tó so, ìjọba ń fún wọn ní owó ìtọ́jú, gbèsè sì ni, wọn yóò san án padà. Ẹni tó bá ń gbowó lóṣooṣù lọ́wọ́ ìjọba, òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò máa ka ara rẹ̀ sí. Kò ní rí oko náà bí oko ara rẹ̀ láé. Nígbà tí owó ìtọ́jú dẹ́kun, ọ̀pọ̀ wọn gbéra.

Bàbá tèmi dúró. Adìẹ àti àgbàdo ló jẹ́ kó dúró, torí owó wọn ń wọlé láìpẹ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń wọ̀.

Nítorí náà, ẹ sọ fún àwọn àgbà pé oúnjẹ ọjọ́ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ máa fún àwọn ọmọ yẹn, owó ìtọ́jú ìgbà náà gan-an ni ó jọ. Alágbàṣe ni wọ́n máa sọ wọ́n dà.

Ọmọ Ṣakí 22:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ ẹ̀yin àgbà. Ẹ jẹ́ kí èmi tí mo jẹ́ ọ̀dọ́ sọ tiwa.

Ní ilé-ìwé tí mo lọ, ẹni tó bá pẹ́ dé, oko ilé-ìwé ni wọ́n ń rán an lọ ro. Ẹni tó pariwo ní kíláàsì, oko. Ẹni tí kò san owó, oko. Àdá àti ọkọ́ wá di pàṣán lójú wa. Ata tí a gbìn níbẹ̀ pọ́n, àwọn olùkọ́ pín in lọ sílé, àwa tí a gbìn ín kò fẹnu kàn án. Tíṣà, mi ò sọ pé ẹ̀yin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Mo kàn ń sọ ìdí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń sá fún ohun tó bá ti ní “ọ̀dọ́” àti “oko” nínú. Bí ẹ bá dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ilẹ̀ náà jẹ ọmọ níyà láé, kódà fún ọjọ́ kan.

Èkejì, ọ̀kadà ń mówó wá lójoojúmọ́. Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti sọ òótọ́ nípa ẹ̀fọ́. Ohun tí kò bá mówó wọlé títí oṣù mẹ́wàá kò lè dá ọmọkùnrin dúró sílùú.

Ṣùgbọ́n mo ní ìbéèrè lórí bẹ́ẹ̀dì oníkálukú. Bí mo bá lọ ṣe ìdánwò WAEC, tàbí ara mi kò yá, ta ni yóò bomi rin tèmi? Òkè-Ògùn kọ́ ni ibi tí òjò ti ń rọ̀ látọdún délẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta, ẹ̀fọ́ tí kò bá rí omi fún ọjọ́ méjì ti tán.

Tíṣà Òkè-Ògùn:

Àbúrò, o ṣeun tí o sọ ọ́ síta. Ọ̀rọ̀ fífi oko jẹ ọmọ níyà yẹn, èmi fúnra mi yóò kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́.

Lórí omi, àáró ni mo rò ó sí. Àwọn bàbá wa kò dá oko ro nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀. Àwọn ẹgbẹ́ á kóra jọ, wọn á ro ti ẹnì kan lónìí, ti ẹlòmíràn lọ́la, títí yóò fi kárí. Oko kò di ti gbogbo ayé nítorí ìyẹn, oníkálukú ló ń kórè tirẹ̀. Mo fẹ́ pín wọn sí ọ̀wọ́ márùn-ún márùn-ún. Ẹni tí kò bá lè wá, ọ̀wọ́ rẹ̀ ni yóò bomi rin bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, òun náà yóò san án padà lọ́jọ́ mìíràn. Kànga ilé ìwòsàn wà nítòsí, ó sì máa ń ní omi títí ẹ̀ẹ̀rùn fi ń parí.

Ohun tí mo sì fẹ́ rán àwọn àgbà létí ni oko ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí àwọn fúnra wọn wà lọ́mọkùnrin, wọ́n bá bàbá wọn ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ṣùgbọ́n bàbá yọ igun kan fún wọn tí wọ́n ń ro tí oòrùn bá ti rọ̀. Ohun tó bá ti igun yẹn jáde, tiwọn ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti rí owó ra aṣọ ọdún wọn àkọ́kọ́. Ta ló wá sọ pé kí àwọn ọmọ òní má ní oko ìrọ̀lẹ́?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìbàdàn:

Ẹ sọ ọ́ fún wọn bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Tíṣà. Àwọn àgbà kì í kọ ohun tí wọ́n bá rántí pé ó ṣe àwọn náà lóore.

Ọmọ Kétu:

Mo kí yín o, láti Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀.

Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, ẹni yín ló wá ṣe irú iṣẹ́ yìí lọ́dọ̀ wa. Godfrey Nzamujo, àlùfáà Kátólíìkì tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ló dá Songhai, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀, sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí àwọn kan ń pè ní Porto-Novo, lọ́dún 1985, lórí ilẹ̀ hẹ́kítà kan tí ìjọba fún un. Ilẹ̀ náà ti ṣá nígbà yẹn. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ ń ti ìlú oríṣiríṣi wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, láti Nàìjíríà náà.

Èmi ti dé ibẹ̀. Ohun tó wọ̀ mí lójú ni pé wọn kì í da nǹkan nù. Wọ́n kó pàǹtírí àti ìdọ̀tí ẹran síbì kan kí eṣinṣin lè yé sí i, ìdin tó bá yọ, ẹja ni wọ́n fi ń bọ́. Ìgbẹ́ ẹran, wọ́n fi ń ṣe gáàsì ìdáná. Omi inú adágún ẹja tó ti dọ̀tí, ó lọ sí ìdí ẹ̀fọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ẹ̀fọ́ nínú àwọn ọmọ náà, ẹja wà fún un, adìẹ wà, iṣẹ́ ẹ̀rọ wà.

Éékà kan kò lè gba gbogbo ìyẹn, ẹ má sì kù gìrì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ajílẹ̀ fúnra yín. Ẹ to ewé gbígbẹ, ẹ to koríko tútù lé e, ẹ da ìgbẹ́ adìẹ tàbí ti ewúrẹ́ sí i, ẹ wọ́n omi kó tutù díẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ títí yóò fi ga dé ìbàdí. Ẹ máa yí i padà lọ́sẹ̀ méjì méjì. Bó bá tó oṣù méjì sí mẹ́ta tí ó ti dúdú, tí kò gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì dà bí ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ó ti pé. Ìgbẹ́ adìẹ tútù, ẹ má fi sí ìdí ẹ̀fọ́ ní tààrà o. Yóò jó o.

Adùkẹ́, Maryland:

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ọmọ mi obìnrin wà nínú 4-H, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí iṣẹ́ àgbẹ̀ níbí, ehoro ló ń sìn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà kò fi ìjọba ńlá bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Ọ̀gá ilé-ìwé kan, A. B. Graham, ló kó àwọn ọmọ oko jọ ní Clark County ní Ohio lọ́dún 1902, kí wọ́n máa gbin àgbàdo, kí wọ́n máa yẹ ilẹ̀ wò. Ní 1910, olùkọ́ obìnrin kan, Marie Cromer, ní Aiken ní South Carolina, rí i pé àwọn ọmọkùnrin ní ẹgbẹ́ àgbàdo, àwọn ọmọbìnrin kò ní nǹkan kan. Ó wá dá ẹgbẹ́ tòmátì sílẹ̀ fún wọn. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan gba ìdámẹ́wàá éékà kan. Òun ni yóò gbìn ín, òun ni yóò kó tòmátì rẹ̀ sínú agolo, òun ni yóò sì tà á. Ọdún 1914 ni òfin Smith-Lever tó dé, tí àwọn yunifásítì fi bẹ̀rẹ̀ sí í rán olùkọ́ àgbẹ̀ lọ sí ìgbèríko pẹ̀lú owó ìjọba. Àwọn ọmọ ti ń tà kí owó ìjọba tó dé.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí Tíṣà mú nínú rẹ̀.

Ìkíní ni ìwé àkọsílẹ̀. Ọmọ 4-H máa ń ní ìwé tirẹ̀. Ọmọ mi ń kọ iye tó fi ra oúnjẹ ehoro, ọjọ́ tí ehoro bí, iye tó tà á. Bí owó bá ti wà nínú ìwé, kò sí àgbà tó máa sọ pé òun kò mọ bí wọ́n ṣe ná an, kò sì sí ọmọ tó máa sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Èkejì, ẹ ro ti àwọn ọmọbìnrin nígbà tí ẹ bá ń yan àkókò. Tíṣà sọ̀rọ̀ oko ìrọ̀lẹ́. Ìrọ̀lẹ́ gan-an ni ọmọbìnrin ń pọnmi, tó ń gbé oúnjẹ kaná. Bí ẹ bá fi ìpàdé sí ìrọ̀lẹ́ nìkan, ọmọkùnrin nìkan ni yóò kù lórí ilẹ̀ náà, ó sì jẹ́ pé ọmọbìnrin ló béèrè ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ yín. Ẹ fi sí àárọ̀ Sátidé.

Ọmọ Sẹ́túmẹ́ǹtì:

Adùkẹ́, o káre. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọbìnrin yìí, ẹnikẹ́ni kò rò ó nígbà ibùdó àgbẹ̀. Ọkùnrin ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì ní kó mú ìyàwó wá.

Fún Tíṣà: bí ẹ bá fẹ́ olùkọ́ láti ìta, ẹ lọ bá àwọn ADP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń kọ́ àgbẹ̀ níṣẹ́, ní ìpínlẹ̀ yín. IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, wà ní Ìbàdàn láti 1967, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ oníṣòwò àgbẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2012. Ilé-ẹ̀kọ́ Leventis náà wà ní Iléṣà fún ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Bí ọmọ méjì nínú ẹgbẹ́ yín bá gba irú ibẹ̀ lọ tí wọ́n sì padà, wọ́n ti di olùkọ́ fún àwọn tó kù.

Olódòdó Àkúrẹ́:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé iwájú ilé ìwòsàn yẹn. Iṣẹ́ mi nìyẹn, owó sì wà nídìí rẹ̀.

Tíṣà, kí ẹ tó gbin òdòdó kan, ẹ dúró níbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, ẹ wo ibi tí omi ń gbà. Omi ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ gbẹ́ gọ́tà tẹ̀ lé ibi tí ilẹ̀ ti dagun sí, kí omi lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, kó má gba ẹnu ọ̀nà. Ẹ da òkúta wẹ́wẹ́ sí ojú ọ̀nà tí àwọn aláìsàn ń gbà. Ilẹ̀ tó bá ṣófo, ẹ gbin koríko sí i, èyí tí a ń pè ní kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì. Ẹ lè tú u ní etí odò tàbí lábẹ́ igi níbi tó ti ń hù fúnra rẹ̀, ẹ já a sí wẹ́wẹ́, ẹ tò ó ní àlàfo bí àtẹ́lẹwọ́ kan sí èkejì, yóò bo ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀.

Ní ti ọgbà yíká, ohun tí àwọn bàbá wa ń lò ṣì dára jù. Pèrègún àti akòko, ẹ gé igi wọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà òjò, yóò ta gbòǹgbò. Owó kankan kò lọ sí i. Lápálápá náà máa ń hù kíá, ẹran kì í sì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gbìn ín sí ilé ìwòsàn. Èso rẹ̀ lóró, ọmọdé á sì ṣa á jẹ.

Wàyí o, ẹ gbọ́ ti owó. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tí kò fẹ́ràn ẹ̀fọ́ ṣe nọ́sìrì, ibi tí a ti ń tọ́ òdòdó kéékèèké fún títà. Òdòdó ixora, ẹ gé ẹ̀ka rẹ̀ tí kò nípọn ju pẹ́ńsùlù lọ, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, ẹ rì í sínú ọ̀rá dúdú tí ẹ ti rọ erùpẹ̀ àti ajílẹ̀ sí, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó, ẹ máa wọ́n omi. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ilé epo, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé, gbogbo wọn ló ń ra òdòdó. Àwọn míì yóò ní kí ẹ wá bá àwọn gbìn ín, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn, owó ọ̀tọ̀ ni. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rá dúdú lẹ́bàá títì tó wá ń gba iṣẹ́ ọgbà ilé ìtura.

Ọmọ Ṣakí 22:

Ẹ̀gbọ́n Olódòdó, ẹ ti mú mi lọ́kàn báyìí. Èyí gan-an ni mo lè ṣe.

Àgbẹ̀ Onígbàgbọ́:

Mo fẹ́ mẹ́nu ba ewu díẹ̀.

Ewúrẹ́ àti màlúù: pèrègún dára, ṣùgbọ́n kó tó dí, ẹran ti jẹ ẹ̀fọ́ tán. Ẹ fi ọparun ṣe ọgbà fún ọdún àkọ́kọ́. Kí Baálẹ̀ sì pe àwọn darandaran tó wà nítòsí kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú, kí wọ́n mọ̀ pé ilẹ̀ àwọn ọmọ ni. Ọ̀rọ̀ tí a bá sọ kó tó di ìjà máa ń rọrùn.

Kẹ́míkà: kí ọmọdé má fọwọ́ kan oògùn apakoríko rárá. Paraquat tí àwọn kan ṣì ń tà lábẹ́lẹ̀, NAFDAC ti fòfin dè é láti oṣù kìíní ọdún 2024, kò sì sí oògùn kan tí dókítà lè fún ẹni tó bá gbé e mì tí yóò yọ oró rẹ̀ kúrò. Ilẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọkọ́ tó o. Fún kòkòrò tó ń jẹ ewé, ẹ gún ewé dóńgóyárò, ẹ rẹ ẹ́ mọ́jú, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, ẹ wọ́n ọn nírọ̀lẹ́. Lórí àgbàdo, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní fall armyworm, tó wọ ilẹ̀ wa ní 2016, máa ń sá pamọ́ sínú ọ̀mùnú. Kí àwọn ọmọ máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí wọ́n ṣa á, kí wọ́n bu eérú tàbí iyanrìn sínú ọ̀mùnú náà.

Èyí tó burú jù fún mi ni ilẹ̀. Ilẹ̀ tí a fi ajílẹ̀ tọ́ fún ọdún méjì, ojú onílẹ̀ yóò wọ̀ ọ́. Wọn yóò wá sọ pé ọmọ àwọn kan ti dé láti Èkó, ó fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, Tíṣà. Ọdún márùn-ún ó kéré tán. Kí olórí ìdílé kọ̀ọ̀kan tó ni ilẹ̀ fọwọ́ sí i, kí Baálẹ̀ fọwọ́ sí i, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ. Kí ẹ sì má gbin igi eléso sórí rẹ̀ láìbéèrè. Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá gbin kòkó tàbí ọsàn sórí ilẹ̀ tí wọ́n yá a, ohun tí onílẹ̀ ń rò ni pé ó fẹ́ fi igi gba ilẹ̀.

Ọmọ Sẹ́túmẹ́ǹtì:

Òótọ́ pọ́ńbélé. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé ó yẹ kí àwọn àgbà rí nǹkan gbà. Ìṣákọ́lẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun. Ẹni tó yá ilẹ̀ ń mú nǹkan lọ fún onílẹ̀ lọ́dọọdún, kì í ṣe torí pé onílẹ̀ ò rí jẹ, ó fi ń sọ pé òun ṣì mọ ẹni tó ni ilẹ̀ ni. Ẹ ya apá kan sọ́tọ̀ fún oko àjùmọ̀ṣe, ẹ gbin àgbàdo síbẹ̀, kí ìlú gba nínú ìyẹn.

Ọmọ Ṣakí 22:

Bàbá, mo gbà, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nínú oko àjùmọ̀ṣe nìkan, kí ó má kan bẹ́ẹ̀dì. Kí wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀ báyìí. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ di ìgbà ìkórè, àgbàdo yóò pọ̀ lójú wọn, iye tí wọ́n ń béèrè náà yóò pọ̀.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìbàdàn:

Ọmọ mi, o gbọ́n. Mo ti rí i lójú ara mi ní etí odò níbi tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́. Ọdún tí ẹ̀fọ́ wọ́n ni owó ilẹ̀ ń gbẹ́nu sókè.

Tíṣà Òkè-Ògùn:

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ púpọ̀. Mo tẹ ohun tí ẹ kọ jáde, mo kà á fún àwọn àgbà ní ààfin Baálẹ̀ lánàá.

Ọ̀rọ̀ oko ìrọ̀lẹ́ ló kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lára. Bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún dìde, ó ka ohun tó fi owó oko ìrọ̀lẹ́ rẹ̀ rà lọ́kọ̀ọ̀kan: kẹ̀kẹ́ Raleigh, aṣọ, kódà apá kan nínú owó orí ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ oúnjẹ ọjọ́ iṣẹ́ mọ́.

Ohun tí a fẹnu kò sí rèé. Ìdajì ilẹ̀ ni a ó pín sí bẹ́ẹ̀dì, lóbìnrin lọ́kùnrin, ohun tó bá jáde níbẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ni bẹ́ẹ̀dì. Ìdajì kejì, oko àgbàdo àjùmọ̀ṣe. Nínú owó àgbàdo, ìdámẹ́ta kan lọ sí ìlú, ìyókù ra irúgbìn, ọkọ́ àti ike ìbomirin. A ti kọ ìdámẹ́ta náà sílẹ̀. Nọ́sìrì òdòdó yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, àwọn ọmọ tó bá ṣe é ló ni ín, wọn yóò fi òdòdó àkọ́kọ́ tún iwájú ilé ìwòsàn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Àárọ̀ Sátidé ni ìpàdé.

Ibi tí a kò tíì fẹnu kò sí ni iye ọdún. Àwọn ìdílé méjì gbà fún ọdún márùn-ún, ìdílé kẹta ní mẹ́ta ni àwọn lè gbà. N kò ní jẹ́ kí a gbin irúgbìn kankan kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè yẹn ni àwọn ọmọ yàn ní akọ̀wé owó.

Sátidé tó ń bọ̀ ni a fẹ́ wọn ilẹ̀. Báwo ni kí bẹ́ẹ̀dì kan ṣe fẹ̀ tó?

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Ìbàdàn:

Ẹ má jẹ́ kó fẹ̀ ju mítà kan àti díẹ̀ lọ, kí ọmọ tó kéré jù nínú wọn lè na ọwọ́ dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láìtẹ orí rẹ̀. Gígùn rẹ̀, bí ilẹ̀ bá ṣe gbà. Ẹ fi ìdajì mítà sílẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì méjì fún ẹsẹ̀ àti ike omi. Bí ilẹ̀ náà bá dagun, ẹ to bẹ́ẹ̀dì dábùú ìdagun rẹ̀, kí òjò má kó erùpẹ̀ yín lọ. Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, èso tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ tí mo gbà lẹ́yìn ìkórè wà nílé, ọkọ̀ tó ń lọ sí Ṣakí lè bá mi gbé e.

Ọmọ Ṣakí 22:

Tíṣà, mo ń bọ̀ ní Sátidé pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀. Bí ẹ bá gbà mí láyè, èmi àti àwọn tó bá fẹ́ nọ́sìrì yóò gé ixora wá lójú ọ̀nà.